Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Òṣùpá: Ohun Tí Mo Rí Lóru Ní Ilẹ̀ Yewa

Lẹ́tà kan ló gbé mi dé ọ̀nà Yewa lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin kan tó ń ta gààrí ní agbègbè Ayétòrò ló kọ ọ́. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní í dárúkọ àdúgbò rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀. Ó ní ìyá òun ti lé ní ọgọ́rin ọdún, oorun àgbà kò sì pọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti di nǹkan bí agogo kan òru, màmá á gbé àpótí rẹ̀ síta, á jókòó sẹ́yìnkùlé, á máa wo ìràwọ̀. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí ọmọ kékeré kan kú nílé kejì lọ́dún tó kọjá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ni ìyá arúgbó ń wá níta lóru. Ẹ ò rí bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kejì tó wà nínú lẹ́tà náà ló jẹ́ kí n di ẹrù mi. Ó ní ọmọ òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún òun lórí fóònù pé òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní àjẹ́. Obìnrin náà máa ń jáde lọ wo òṣùpá àti ìràwọ̀, ó ní ẹ̀sìn òun nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ òkúta lù ú. Ó wá bi wá léèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àjẹ́ tiwọn yàtọ̀ sí tiwa ni? Kí ló dé tí tọ̀hún ń rẹ́rìn-ín, tí ìyá tèmi sì ń sunkún?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. N kò fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta ni mo wọ mọ́tò dé Ìlaròó. Ìlú Ọ̀rọ̀nnà nìyẹn, kò sóhun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa rẹ̀ tí ẹ kò tíì gbọ́ rí: ọ̀kadà, àwọn ọmọ Poli, ẹ̀rọ amúnáwá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Bí èèyàn bá gbójú sókè lálẹ́ ní àárín ìgboro, ìràwọ̀ tó máa rí kò pọ̀. Bákan náà ló rí ní Ìbèṣè, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Iná ibẹ̀ ń tàn lójú ọ̀run bí ẹni pé oòrùn gbàgbé láti wọ̀. Mi ò bá wọn jà o, ọ̀pọ̀ ilé ló ń jẹun níbẹ̀. Mo kàn ń sọ ohun tí ojú mi rí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Ìgbógìlà, tí oko ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀tún gba òsì, òkùnkùn dé, òkùnkùn gidi. Ká tó dé Ayétòrò, mo ti yọrí lójú fèrèsé bí ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lókè fún yín, torí púpọ̀ nínú wa ti gbàgbé láti wò ó. Láàárọ̀ alẹ́, lápá ìwọ̀-oòrùn, ìràwọ̀ kan wà tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Sirius ni òyìnbó ń pè é. Àwọn baba wa ń pè é ní Ìràwọ̀ Ọkọ̀. Ṣọ́jà òyìnbó kan, A. B. Ellis, kọ orúkọ yẹn sínú ìwé rẹ̀ ní 1894, ó ní ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé òun ló ń ṣe amọ̀nà fún àwọn tó ń jí ọkọ̀ ojú omi lóru. Ẹ̀yin ará ẹnubodè, ẹ má rẹ́rìn-ín o! Mo mọ̀ pé àwọn onífàyàwọ́ náà mọ ìràwọ̀ tiwọn. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń rí lára ìràwọ̀ yẹn lálẹ́ òní, ó ti tó ọdún 8 àti ààbọ̀ tó ti gbéra níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó gbéra ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ó ti lè bá ìyá rẹ̀ ka owó ọjà.

Bó bá wá di àárín òru lásìkò yẹn nínú ọdún, ohun ńlá ni. Ẹ kọjú sí àríwá, ẹ ó rí ìràwọ̀ méje tó tò bí ìgbakọ tí wọ́n fi ń bu ẹ̀kọ. Ẹ wá yí ẹ̀yìn padà kọjú sí gúúsù, lókè igi ọ̀pẹ, ẹ ó rí mẹ́rin tó tò bí àgbélébùú. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, lójú ọ̀run kan náà. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí ìgbakọ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n bó fi òru ọgọ́rùn-ún ọdún jókòó síta, kò ní í rí àgbélébùú ti gúúsù láé, torí kì í yọ níbẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ìyá arúgbó Ayétòrò lówó ju òyìnbó lọ.

Mo dé ọ̀dọ̀ màmá. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù." Ọmọ wọn ti sọ ìdí tí mo fi wá, nítorí náà wọn ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ara ṣì le, àwọn máa ń gbé ẹrù lórí láti ìhà Ìmẹ̀kọ lọ sí ọjà Kétu, òru làwọn sì máa ń rìn nítorí oòrùn. Kò sí tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹni púpọ̀. Ìràwọ̀ làwọn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ kù díẹ̀ kó mọ́. "Ní 1889 ni wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàárín wa," bẹ́ẹ̀ ni èmi sọ. Màmá ní, "Wọ́n fa á sílẹ̀ ni, àbí? Èmi ò rí i lókè."

Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù kì í bà wọ́n láti jókòó síta báyìí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní ìyá bàbá àwọn náà fẹ́ràn láti máa jókòó síta lóru, títí di ìgbà Atinga.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Atinga rí, ẹ fara balẹ̀ o. Ní ìparí 1950 wọ 1951 ni wọ́n dé ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, bí wọ́n ṣe ń pe Yewa nígbà náà. Láti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ni wọ́n ti mú òògùn náà bọ̀, wọ́n gba Dahomey kọjá, wọ́n sì wọ àwọn ìlú wa. Kì í ṣe pé wọ́n jagun wọlé, àwa fúnra wa la ránṣẹ́ pè wọ́n, tí a dáwó fún wọn. Wọ́n ní àwọn lè fi ojú rí àjẹ́. Wọ́n á lù, wọ́n á jó, wọ́n á máa nàka sí èèyàn láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Obìnrin ni wọ́n ń nàka sí, pàápàá àwọn àgbà obìnrin. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, á san owó, wọ́n á fún un ní òògùn láti fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, wọ́n á fi adìẹ dán an wò. Wọ́n fọ́ ojúbọ òrìṣà, wọ́n gé igi tí wọ́n ní àjẹ́ ń pàdé sí. Òyìnbó onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Peter Morton-Williams kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956. Ìjọba fòfin de Atinga ní 1951, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́ ná.

Màmá ní ọmọdé ni àwọn nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn rí i nígbà tí wọ́n mú ìyá bàbá àwọn lọ sí gbangba. Wọ́n ní ìyá náà jẹ́wọ́. Mo ní, "Ṣé wọ́n ṣe nǹkan náà ni?" Màmá wò mí bíi pé mi ò gbọ́n. Wọ́n ní, "Owó adìẹ pọ̀ ju owó ìjẹ́wọ́ lọ lójú ìyá arúgbó tí gbogbo ìlú yí ká." Láti ọjọ́ náà títí tí ìyá bàbá wọn fi kú, kò jókòó síta lóru mọ́.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Nínú ọdún 1951 yẹn gan-an, ọdún tí wọ́n fòfin de Atinga níbí, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù pa òfin àjẹ́ tiwọn rẹ́, èyí tó ti wà láti 1735. Ká tó dé ìgbà òfin yẹn, wọ́n ti pa èèyàn tó tó 40,000 sí 50,000 ní ilẹ̀ Yúróòpù lórí ẹ̀sùn àjẹ́, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àwa nìkan ni olórí kunkun. Wọ́n ṣe tiwọn, ó pọ̀ ju tiwa lọ.

Bí wọ́n ṣe pa òfin yẹn rẹ́ ni bàbá kan yọjú, Gerald Gardner lorúkọ rẹ̀. Ẹ ò ní í gbà gbọ́: kọ́sítọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ tó ṣe ní ilẹ̀ Màléṣíà kó tó fẹ̀yìn tì! Ní 1954 ó tẹ ìwé kan jáde, ó ní ẹ̀sìn àwọn àjẹ́ àtijọ́ kò tíì parẹ́, pé wọ́n ti gba òun wọlé láti 1939. Ẹ̀sìn yẹn ni wọ́n ń pè ní Wicca. Obìnrin kan, Doreen Valiente, bá a tún púpọ̀ nínú àdúrà wọn kọ. Àwọn tó mọ ìtàn dáadáa, bíi Ronald Hutton, ti wádìí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀sìn tuntun ni, pé àwọn èèyàn ọ̀rúndún tó kọjá ló kó o jọ, kì í ṣe ti àtijọ́ bí Gardner ṣe wí. Lójú tèmi, ìyẹn ò bà á jẹ́. Ẹ̀sìn wo ni kò ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń bọ abo òrìṣà àti akọ òrìṣà. Òṣùpá ni àmì abo òrìṣà náà, nítorí náà wọ́n máa ń kóra jọ bí òṣùpá bá kún. Wọ́n ní ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń ṣe, wọ́n fi ìrìn oòrùn àti àsìkò pín in. Àwọn mìíràn nínú wọn á kàn jáde lálẹ́ bí ojú ọjọ́ bá gbà, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á dúpẹ́ pé àwọn wà láàyè lábẹ́ nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Òfin wọn kò pọ̀: kí èèyàn ṣe ohun tó bá wù ú, bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀pọ̀ wọn tún gbà pé ohun tí èèyàn bá rán jáde, ìbáà ṣe ire, ìbáà ṣe ibi, á padà wá bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní England àti Wales ní 2021, nǹkan bí 13,000 ló kọ Wicca sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ kan ti sọ láti 1986 pé ẹ̀sìn bí ẹ̀sìn ni.

Èyí ni mo fi ń dá oníléẹ́tà wa lóhùn: bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi, ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni obìnrin Lọ́ńdọ̀nù yẹn fi ń pe ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì fi túmọ̀ àjẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yẹn kò bá a mu rárá. Tọ̀hún mú orúkọ náà fúnra rẹ̀, bí ẹni mú aṣọ níná. Ti ìyá yín, àwọn ẹlòmíràn ló fẹ́ fi wọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ń wá ohun tó sún mọ́ ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù nínú tiwa, ẹ má wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń nàka. Ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni kí ẹ lọ. Kétu ní tiwọn ni, Ìlobì lẹ́bàá Ìlaròó náà ní tiwọn ni, mi ò ní í dá sí ìjà yẹn. Ní 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé, ní orúkọ Bìnì Olómìnira, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀. Nítorí àwọn ìyá wa ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí àgbà bá sì wí pé "àwọn ìyá wa" níbẹ̀, agbára tó wà lọ́wọ́ obìnrin ló ń sọ, agbára tó lè mú òjò rọ̀, tó lè fún ni lọ́mọ, tó sì lè bínú. Dípò kí wọ́n nà án lẹ́gba, wọ́n ń fi ijó àti ẹ̀rín tù ú lójú. Ọkùnrin á di gèlè, á fi ọ̀já sọ àyà, á gbé ère orí rù, á máa jó fún obìnrin. Wọ́n máa ń gbẹ́ oríṣiríṣi sára ère yẹn: ejò, ẹyẹ, alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyá tó gbé igbá ọjà. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ ti wà nínú òrìṣà o!

Ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ìyálọ́jà: láàárín ọjà yín. Òru Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú. Ní Kétu, Arabi Ajígbálẹ̀ á jáde láti gbá ojúde. Agbéná á gbé iná sórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Apaná á dé, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí, tó bá ti jáde, kí gbogbo iná kú. Àtùpà, fìtílà, gbogbo rẹ̀. Mo ti jókòó sírú ojúde bẹ́ẹ̀ rí. Bí iná bá ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ á máa pọ̀ sí i lókè, títí tí ẹ ó fi rò pé ẹnì kan da àgbàdo sílẹ̀ lójú ọ̀run. Nínú òkùnkùn yẹn ni Tètèdé á ti pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, tí ìyẹn á wá kọrin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá. Á ṣàdúrà fún ìlú. Lẹ́yìn náà, á máa tú àṣírí: ìjòyè tó kó owó ìlú jẹ, ọ̀lẹ ọkọ, oníwàkuwà. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ojú á ti ẹni tó yẹ kí ojú tì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n máa lù, kò sẹ́ni tí wọ́n máa gba adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran.

N kò sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé tán o. Ẹni tó ń bẹ ìyá pé kó má bínú ti gbà pé ìyá lè pani, ìgbàgbọ́ yẹn náà sì wà lára ohun tí Atinga bá nílẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbẹ̀rù kan náà bá wà lọ́kàn èèyàn méjì, tí ọ̀kan gbé ìlù, tí èkejì gbé ẹgba, mo mọ ẹni tí mo fẹ́ kó jẹ́ aládùúgbò mi.

Òwe kan wà tí wọ́n ń pa fún oníléẹ́tà wa lọ́jà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo bọ̀wọ̀ fún òwe, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹ̀rí. Ibà ń pa ọmọ, àìlẹ́jẹ̀ ń pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń ké lóru. Bí òwe la bá fẹ́, mo ní tèmi: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ìràwọ̀ ńlá yẹn, tí ẹ máa ń rí nígbà mìíràn lẹ́bàá òṣùpá lálẹ́ tàbí ní ìdájí, kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ayé odindi ni lọ́tọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilé ayé wa yìí ní títóbi, oòrùn ló sì ń yípo. Pé ó yọ nígbà tí òṣùpá yọ kò sọ ọ́ di ẹrú òṣùpá. Pé màmá jókòó síta lóru tí ọmọ kú kò pa wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kù. Ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, abala 210, sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn, tàbí tó halẹ̀ pé òun máa fẹ̀sùn náà kàn án, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Abala kan náà tún ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ jẹ̀bi. Ẹ wá rí i pé obìnrin Lọ́ńdọ̀nù yẹn ló yẹ kó bẹ̀rù bó bá dé Ayétòrò, kì í ṣe màmá! Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, tí wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn ṣe fáàrí lórí fóònù: ẹ wo ìràwọ̀ yín, ẹ di òfin yẹn mú pé ẹ kò ní í pa ẹnikẹ́ni lára, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ sí ọ̀hún. Níbí, ẹni tí kò mú un ni wọ́n ń fi pa.

Kí n tó kúrò, mo dé ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ tó kú. Mẹkáníìkì ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún girísì, kò lè bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní òun kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni rí. Ó ní màmá ló pọnmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ sọ́jà, pé àwọn tí kì í ṣe ẹbí ni ẹnu wọn ń rìn. Mo ní ṣé ó lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ará àdúgbò. Ó ní òun á sọ ọ́. Baálẹ̀ ti pe ìpàdé, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ló dá. Mo ṣe ẹ̀dà abala 210, mo fún ọmọ màmá ní mẹ́ta: kó fún Baálẹ̀ ní ọ̀kan, kó fún ìyálọ́jà ní ọ̀kan, kó sì fi ọ̀kan pamọ́ sínú báàgì rẹ̀.